Wíwo Ilé Onílé ní Èdè Faransé

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò èdè Faransé, gbólóhùn mẹ́ta péré ni mo sọ kí ẹnu mi tó wọhò. Obìnrin tó ń dán mi wò gbé àwòrán kan sórí tábìlì, ó fi ìka tì í sún mọ́ mi, ó ní kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Pálọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni. Ọkùnrin kan wọ ṣòkòtò péńpé, ó na ẹsẹ̀ lé orí àpótí. Ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọmọ kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń jẹun. Mo rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú mi sì fúnra rẹ̀ sá kúrò níbẹ̀, ó lọ dúró sí etí tábìlì. Mo ní ilé kan rèé. Mo ní àwọn ènìyàn wà nínú ilé náà. Mo ní àlàáfíà ni wọ́n wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Obìnrin náà dúró, ó ń retí èyí tó kù. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó bi mí pé, "C'est tout?" Ṣé ó tán nìyẹn?

Mo ní ó tán.

Kì í ṣe pé n kò mọ ọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pe àga, mo mọ ohun tí wọ́n ń pe ṣòkòtò. Mo yege nínú kíkà, mo yege nínú kíkọ, mo yege nínú èyí tí a ń fi etí gbọ́. Àwòrán nìkan ló gbé mi ṣubú, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí bí kò bá yege níbẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí lọ́dún náà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí kan wà ní Ìsọlọ̀, ògiri kan náà ni òun àti mọ́sáláṣí jọ ń lò. Ibẹ̀ ni mo ti ké kéwú, ibẹ̀ ni mo ti kàwé. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ìjọ mọ́sáláṣí ló gbé ẹ̀kọ́ mi rù, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Alhaja tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ló di ọwọ́ mi mú lórí wàláà títí mo fi mọ lẹ́tà kọ. Nígbà tí mo dàgbà, òun náà ló gbà mí síṣẹ́, pé kí n máa ran olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ló pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Àwọn òbí ń béèrè Faransé," ó ní. "Bí o bá gba ìwé ẹ̀rí, ìwọ lo ni kíláàsì yẹn. Bí o kò bá rí i gbà kí sáà tuntun tó wọlé, mo máa ní láti wá ẹni tó ní in, àyè tí o wà yìí náà ni n ó fi gbà á. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Mo ní mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ìdánwò tí mo kùnà yẹn ni mo ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Èyí tó kù ṣoṣo kí sáà tó wọlé ni mo tún forúkọ sílẹ̀ fún.

Kò sí ẹni tí mo lè ṣàlàyé fún pé ojú ló ń tì mí láti wo àwòrán. Ilé tí èmi àti màmá mi ń gbé, yàrá kọjú sí yàrá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló la àárín wọn kọjá. Bí ooru bá mú, kálukú á ká kọ́tìnnì rẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ń ti ilé ìwẹ̀ bọ̀ máa kọjá lẹ́nu yàrá gbogbo ènìyàn kó tó dé tirẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń rìn ni màmá mi ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé, "Ojú ẹ ń bẹ nílẹ̀ o." Mo rántí ìgbà kan tí mo wọlé wá sọ fún wọn pé àwọn ará yàrá iwájú ń jẹ ìrẹsì. Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé wọ́n pè ẹ́ pé kí o wá jẹ níbẹ̀ ni?"

"Rárá, Màmá."

"Kí ló wá kàn ẹ́ nínú ìrẹsì wọn?"

Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé náà ni wọ́n kọ́ mi ní ilé kéwú, pé kí a máa rẹ ojú wa sílẹ̀, pé ilé ẹlẹ́gbẹ́ ẹni dà bí ìhòòhò rẹ̀. Ó wọ̀ mí lára. Mo lè rìn láti ẹnu géètì títí dé yàrá wa kí n má mọ ẹni tó wà nílé. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èyí máa di nǹkan tí wọ́n ń torí rẹ̀ gé máàkì.

Àwa tí a ń kọ́ Faransé máa ń pàdé ní yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì ní Àgọ́ Palace. Ará Sàkétè ní orílẹ̀-èdè Benin ni olùkọ́ wa. Mùsíyé, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni, ni gbogbo wa ń pè é. Yorùbá wà lẹ́nu rẹ̀ tó dùn, ṣùgbọ́n bó bá ń bú ènìyàn, Faransé ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo padà wá sọ fún un pé gbólóhùn mẹ́ta ni mo sọ, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ojú ta ló ń tì ẹ́ níbẹ̀?"

"Àwọn tó wà nínú àwòrán náà, sà. Wọn kò múra dáadáa."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Mùsíyé, ó fẹ́ lọ mú ìró wá fún àwọn ará inú àwòrán ni."

"Bébà ni," Mùsíyé sọ fún mi. "Bébà kò mọ̀ pé o ń wo òun. Báwo la ṣe ń sọ ọ́? Iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. Au premier plan, lọ́wọ́ iwájú, kí lo rí? Kó o wá sọ tẹ̀yìn. Kó o wá sọ tọ̀tún. Láti òní lọ, ibikíbi tó o bá dé, wo ibẹ̀, kí o fi ẹnu sọ ọ́ jáde. Àní nínú ilé ìyá rẹ."

Bí ara mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ti ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa ń lọ bá màmá mi ní Òṣòdì, níbi tí wọ́n ti ń ta ike àti abọ́, láti bá wọn palẹ̀ ọjà mọ́. Lọ́jọ́ kan, kí n tó débẹ̀, mo dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀, mo di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, mo ní Bisimilaahi, mo bẹ̀rẹ̀. Lọ́wọ́ iwájú, nísàlẹ̀ afárá, obìnrin kan ń ta aṣọ ọmọdé òkìrìkà. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú irin rélùwéè. Lápá ọ̀tún, ọkùnrin kan to bàtà sórí ike, ó ń fi òwú nu wọ́n. N kò gbé ohùn sókè, ètè mi nìkan ló ń mì. Mo rí i pé obìnrin aláṣọ náà ń wò mí, mo sì fi ìyẹn kún un. Ìgbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò. Mo fi ìyẹn náà kún un. Ọkùnrin oníbàtà gbé ike rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ń palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́. Inú mi ń dùn pé ọ̀rọ̀ ìṣe ń pọ̀ sí i, àfi bí obìnrin náà ṣe gòkè wá bá mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti kọ tèmi sílẹ̀?"

"Kí ni mo kọ?"

"Ẹ ń wò wá, ẹnu yín ń mì, ẹ ń ka ènìyàn. Àwọn tí wọ́n máa ń rán wá ṣọ́ wa kí àwọn ìjọba tó wá kó ọjà wa, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Ẹ má bínú. Èdè Faransé ni mo ń kọ́."

Ó yíjú sí àwọn tó kù nísàlẹ̀. "Ó ní Faransé lòun ń kọ́."

"Lórí afárá?" ọkùnrin oníbàtà ní. "Kó sọ ọ́ ká gbọ́."

Mo sọ ọ́.

"Kí lẹ wí nípa mi níbẹ̀?" obìnrin náà bi mí.

"Mo ní obìnrin kan ń ká aṣọ kéékèèké sínú àpò."

"Ẹ fi kún un pé ó rẹwà." Ó wá pariwo sí ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ tú ọjà yín sílẹ̀ jàre, ọmọ ilé ìwé ni."

Nígbà tí màmá mi gbọ́, inú wọn kò dùn. Wọ́n ní ojú tó ń wò báyẹn ló ń lé oníbàárà lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà náà, n kò lè dá a dúró mọ́. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. Bí mo bá dé Ire-Akari, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní kéwú nílé wọn, mo máa ń ka kọ́tìnnì wọn ní Faransé kí n tó kí ìyá wọn. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni pé ó tẹ̀ lé mi wọ mọ́sáláṣí. A ń kírun Àlàásárì, mo wà nínú ìforíkanlẹ̀, ọkàn mi ń sọ fún mi pé lọ́wọ́ iwájú, ẹsẹ̀ obìnrin kan wà, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó lu ní gìgísẹ̀. Mo tún ìrun náà kí. Mo lọ bá Alhaja, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní bóyá kí n fi ìdánwò náà sílẹ̀, bóyá kì í ṣe fún irú wa.

Alhaja ń to ìwé lórí tábìlì. Ó ń tò ó lọ.

"Ta ló ni ìbọ̀sẹ̀ tó lu?"

"N kò mọ̀, ma. N kò wo ojú rẹ̀."

"Bó o bá tún rí i, sọ fún mi, kí a ra òmíràn fún un." Ó gbé ìwé tó kù sílẹ̀. "Ẹni tó bá ń wo nǹkan onínǹkan nítorí pé ó fẹ́ gbà á, olójúkòkòrò nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ rò ó kiri, olófòófó nìyẹn. Ìwọ, èwo ni tìẹ?"

"Kò sí èyí tí mo fẹ́ nínú méjèèjì, ma."

"Lọ kàwé rẹ. Nínú ìrun, máa wo ibi tí orí rẹ máa kàn."

Mo lọ kàwé, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Mo ti ń sọ̀rọ̀ tó pọ̀ nísinsìnyí, Mùsíyé sì ní ó dà bí ẹni pé mo ń ka ẹrù fún onímọ́tò: àga kan, tábìlì kan, ènìyàn méjì. "O ń rí nǹkan, o kò rí ilé," ó ní. Ọjọ́ ìdánwò ń sún mọ́lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo tẹ́ ẹní, mo gbé àwòrán kan sójú fóònù, mo ń sọ ọ́, mo ń tún un sọ. Màmá mi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi okùn di ike. Ó sú wọn.

"Kí ló wà níbẹ̀ tí o ń ké bí ẹni tí àkekèé ta?"

Mo gbé fóònù náà fún wọn. Wọ́n na ọwọ́ jìnnà, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá a padà fún mi.

"Àlejò ni wọ́n ń retí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìgbálẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọn ò tí ì gbé e kúrò. Ọmọ yẹn wọ bàtà òde nínú ilé. Ìyá ẹ̀ ti wọ yẹtí, àmọ́ aṣọ ilé ló ṣì wà lọ́rùn ẹ̀."

Mo wo fóònù. Ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo ti ń sọ àwòrán náà, n kò rí ìgbálẹ̀ rí.

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má máa wo yàrá oníyàrá."

"Mo ní kí o má wò. Ṣé mo ní kí o má ríran ni?"

Wọ́n wá ń di ike wọn lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ fún mi nípa ìyá àgbà kan tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná nígbà tí mo wà ní kékeré, pé òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n abọ́ méjì ló máa ń bu oúnjẹ sí. Ọmọ rẹ̀ tó lọ sókè òkun ló ń bù ú dè. Wọ́n sọ ti bàbá kan tó ti pàdánù iṣẹ́ tipẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn mọ̀, torí pé bàtà iṣẹ́ rẹ̀ kò ní eruku mọ́. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ló wà nínú orí wọn, yàrá kan tẹ̀ lé yàrá kan, láti ọdún tí a ti dé ibẹ̀. N kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kí n sọ kí ni? Ọ̀rọ̀ ta ni? Mo máa ń bu ẹran ọdún lọ fún ìyá àgbà yẹn, mo máa ń bù ú sí abọ́ méjì. Ó tó."

"Ṣùgbọ́n ojú yín máa ń wà nílẹ̀, Màmá."

"Ilẹ̀ náà ni bàtà wà," wọ́n ní. "Ẹnu ọ̀nà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Bó o bá ti ka bàtà, o ti mọ ẹni tó wà nílé. Kò dìgbà tó o bá na ọrùn."

Nígbà tí mo dé Àgọ́ Palace lọ́sẹ̀ náà, mo bẹ̀rẹ̀ àwòrán láti ilẹ̀. Mùsíyé dá mi dúró. Ó ní ta ló ń ti ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní iwájú lòun kọ́ wa. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n parí rẹ̀. Mo parí rẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ẹnu rẹ ti ń ṣí, máa tibẹ̀ lọ," Mùsíyé wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n má fi apá òsì sílẹ̀. Wọ́n máa ń béèrè apá òsì."

Obìnrin kan náà ló tún dán mi wò. Bóyá ó dá mi mọ̀, n kò mọ̀. Ó gbé àwòrán sórí tábìlì. Ilé ni lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú mi fẹ́ sá, mo jẹ́ kó lọ sílẹ̀, sí ẹnu ọ̀nà inú àwòrán náà, níbi tí bàtà wà.

Mo sọ ti bàtà. Ti ọkùnrin kan, ńlá. Ti ọmọdébìnrin, onírìbọ́ǹ. Ti ọmọdékùnrin, ọ̀kan dojú dé. Ti obìnrin kan, tó ga ní gìgísẹ̀, pẹ̀lú agbòjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Láti ibẹ̀ mo gòkè díẹ̀díẹ̀. Bàbá ń ka ìwé ìròyìn. Ọmọdébìnrin ń ya nǹkan sórí bébà. Ọmọdékùnrin gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó ń wo oúnjẹ tí wọ́n ti gbé sórí tábìlì. Kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Mo wá ní, ìyáàfin, bàtà obìnrin wà, obìnrin kò sí.

Ó fa àwòrán náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tẹ̀ba lé e lórí. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

"Où est-elle?" Níbo ló wà?

Mo mọ ohun tó fẹ́. Mùsíyé ti sọ fún wa pé wọ́n máa ń fẹ́ kí ènìyàn fi ọgbọ́n orí rẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n láti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ẹni tí n kò mọ̀ rí, tí kò pè mí, ẹnu mi tún fẹ́ wọhò. Mo ń gbọ́ ohùn màmá mi: kí ló wá kàn ẹ́? Mo rí kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, mo rí ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Mo sì rí aago kan lára ògiri àwòrán náà. Ó ti kọjá agogo mẹ́rin, àkókò ìrun Àlàásárì.

"Peut-être qu'elle prie," mo ní. Bóyá ó ń kírun ni.

Obìnrin náà mú kálámù rẹ̀.

Mo ní n kò mọ àwọn ará ilé yìí, ẹnikẹ́ni kò sì rán mi sí wọn. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, bí ìyá bá ti ọjà dé nírú àkókò yìí, tí òjò ti pa á, yóò bọ́ bàtà, yóò gbé agbòjò kalẹ̀, inú ilé ló máa kọ́kọ́ lọ. Yóò ṣe àlùwàlá, yóò kírun. Àwa tí a wà níta kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ títí yóò fi jáde. Mo ní ìdí rèé tí ọmọ yẹn fi ń wo oúnjẹ lásán. Mo ní ebi ń pa á, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ó kọ nǹkan. Ó kọ ọ́ pẹ́. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa lọ.

Mo ní, "Ó ku apá òsì."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ó ti tó.

Kò tó mi o. Mo rìn jáde, apá òsì ń ta mí lára bí ẹ̀gún. Fèrèsé kan wà níbẹ̀, mo rò pé mo rí ológbò. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Òṣòdì, mo lọ tààrà sí ìdí ike màmá mi, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, bàtà, agbòjò, aago, ìrun. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń ta abọ́ fún oníbàárà. Nígbà tí ẹni náà lọ tán, wọ́n ní:

"Bàtà obìnrin yẹn, ibo ló kọjú sí?"

"Báwo, Màmá?"

"Ṣé inú ilé ló kọjú sí ni, àbí ìta?"

N kò mọ̀. Mo dijú, mo wá a, n kò rí i.

"Torí bó bá kọjú síta," wọ́n ní, "kò kírun kankan o. Ó fẹ́ jáde ni."

N kò sinmi títí èsì fi jáde. Bí mo bá wo nǹkan, mo ń wo orí bàtà. Bí mo bá jókòó, mo máa ń dìde. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dárí jì mí bí mo bá ti pa irọ́ mọ́ obìnrin tí kò sí láyé. Nígbà tí èsì dé, mo yege, Alhamdulilaahi. Apá àwòrán ni máàkì mi ti ga jù. Alhaja gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó dá a padà, ó forí kanlẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọ́fíìsì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kíláàsì sí mi lọ́wọ́. Màmá mi dúpẹ́, wọ́n sì bi mí bóyá mo ti rántí ibi tí bàtà náà kọjú sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí sáà wọlé, mo dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, àwọn ọmọ máa ń bọ́ bàtà síta, orí ẹní ni wọ́n ń jókòó sí. Mo ń gbọ́ ariwo wọn nínú. Mo dúró, mo tẹ̀ba. Bàtà kéékèèké, ó kún ilẹ̀, gbogbo wọn ló kọjú sínú bí wọ́n ṣe bọ́ wọn sílẹ̀ tí wọ́n sì sáré wọlé. Àfi ọ̀kan. Ẹnì kan ti fara balẹ̀ to tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, méjèèjì sún mọ́ra, orí wọn kọjú sí géètì.

Mo bọ́ tèmi, mo wọlé lọ wá ẹni tó fẹ́ máa lọ sílé.